Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tó Ń Bá Olówó Rẹ̀ Lọ

Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àmì 10 kúrò lára àmì tí Everton ti kó jọ, ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn ní Ibafo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn tó ń jiyàn kò tẹ ìlú Liverpool rí. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn ni òfin gbà kí ẹgbẹ́ kan pàdánù láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n mọ̀ pé Everton ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 àti ààbọ̀ kọjá ibẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé pápá tuntun tí ẹgbẹ́ náà ń kọ́ létí odò Mersey wà lára ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín ìyà náà kù sí àmì 6 lóṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n yọ àmì 4 lára Nottingham Forest, ẹgbẹ́ Awoniyi àti Ola Aina, lóṣù kẹta, tí wọ́n tún padà yọ 2 lára Everton lóṣù kẹrin, mo rí àwọn tó ń fi bírò ṣe ìṣirò tábìlì líìgì sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ wọn.

Ẹni tó bá ka irú àríyànjiyàn báyìí sí ọ̀rọ̀ aláìríṣẹ́ṣe kò tíì jókòó gbọ́ ọ. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, òfin ni wọ́n ń tú, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ohun tó ń gbé ẹgbẹ́ ńlá ṣubú. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí ẹgbẹ́ ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n ti ń rí òye náà lò. Bí ẹ bá bi wọ́n ní iye tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ná lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń san owó oṣù níbẹ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́ náà, wọn kò ní rí èsì fún yín. Ẹ̀bi wọn kọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé sílẹ̀ fún wọn kà. Láti nǹkan bí ogójì ọdún wá, agbègbè tí a ń gbé yìí ti rí ẹgbẹ́ tó ròkè lójijì, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pòórá, ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Èrò mi ni pé ohun kan náà ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: inú àpò ẹnì kan ni ẹgbẹ́ náà ń gbé. Bí ẹni náà bá kú, bó bá bínú, bí ọkàn rẹ̀ bá lọ síbòmíràn, kò sí ohun tó kù nílẹ̀ tí ará ìlú lè dì mú.

Òfin tí wọ́n ń jiyàn lé lórí náà ní ìtàn. Leeds United fi owó tí wọ́n yá dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife Champions League lọ́dún 2001. Nígbà tó fi di 2004 wọ́n ti já sí líìgì kejì. Nígbà tó di 2007, ìkẹta ni wọ́n bá ara wọn. Irú ìṣubú báyìí ló mú kí UEFA gbé òfin ìnáwó kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2010, tí líìgì Gẹ̀ẹ́sì náà sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Òfin náà kò dúró sójú kan. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ẹ̀sùn 115 ti wà lọ́rùn Manchester City, àwọn èèyàn Mowe sì ti sọ nọ́ńbà yẹn di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ náà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ líìgì àgbà dìbò pé àwọn yóò pa ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù 105 tì. Láti sáà 2026 sí 2027, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ ni yóò lè ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ti UEFA le ju ìyẹn lọ, ìdá 70 ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó sì gbọ́dọ̀ gbé ìwé ìnáwó rẹ̀ lọ sí Companies House, níbi tí ìjọba ń kó ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ sí, lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, yálà Manchester ló ń gbé tàbí Ifọ̀. Ìwé yẹn ló jáde sínú ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn ló gbé e dé orí fóònù, orí fóònù ló ti dé Ibafo. Bí kò bá sí ìwé, òfin kankan kò ní rí ibi mú Everton.

Nínú ilé ìwo-bọ́ọ̀lù kan ní Mowe, bẹ́ńṣì pákó ni wọ́n tò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn tó máa gbá lọ́jọ́ náà sára pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn ilé débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun gbọ́dọ̀ dìde dúró. Ọkùnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ dìde.

"Àwọn tó ti là tán ló ṣòfin pé kẹ́nikẹ́ni má là mọ́. Nígbà tí Manchester United ń ra ẹni tó wù wọ́n, ta ló yọ àmì lára wọn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì," ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ jẹ́sì Arsenal dá a lóhùn, "ẹ wo Leicester. Wọn ò ná owó bíi ti Chelsea tí wọ́n fi gba líìgì lọ́dún 2016. Owó oṣù tí wọ́n wá ń san lẹ́yìn ìyẹn ló gbé wọn ṣubú ní 2023. Ndidi ńbẹ̀, Iheanacho ńbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n já."

"Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n náwó, ṣé wọn ì bá já?"

"Leeds náwó, Bàbá. Ṣé Leeds ò já?"

Kò sẹ́ni tó borí, torí pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Òfin ìnáwó ń dáàbò bo ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìwà àṣejù ẹni tó ni ín, ó sì tún ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ́ kékeré tó fẹ́ dìde. Ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un bá kéré, ìdá 85 rẹ̀ á kéré. Ohun tí Leicester ṣe lọ́dún 2016, tí àwọn onítẹ́tẹ́ ti fi 5,000 sí 1 sọ pé kò lè ṣeé ṣe, ì bá nira ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Mo fara mọ́ Bàbá Ìbejì lórí ìyẹn ju bí mo ṣe fara mọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí ẹnì kan tó ti ń gbọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ béèrè pé, "MFM ńkọ́? Líìgì wo ni wọ́n wà báyìí?" Ẹni mẹ́ta dá a lóhùn, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀, Prayer City tí ìjọ Mountain of Fire and Miracles kọ́ sétí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jìnnà sí ibẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti Mowe lọ sí Èkó, iwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń gbà. Ìjọ yìí, lábẹ́ olùdarí rẹ̀ Daniel Olukoya, ló dá MFM FC sílẹ̀ lọ́dún 2007. Pápá Agége ni wọ́n fi ṣe ilé. Lọ́dún 2015 wọ́n gòkè wá sí líìgì àgbà Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọdún kan péré ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti wá. Sáà kejì wọn ni wọ́n fi ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Lábẹ́ akọ́ni wọn, Fidelis Ilechukwu, wọ́n bá Plateau United du ife ọdún 2017 títí dé òpin, ipò kejì ni wọ́n sì bọ́ sí. Lọ́dún yẹn náà ni ayò kan tí Sikiru Olatunbosun gbá wọlé gba ìbò àwọn tó ń wo CNN gẹ́gẹ́ bí ayò tó dára jù lọ lọ́sẹ̀ náà. Stephen Odey, tó gbá ayò 18 wọlé ní sáà náà, lọ sí FC Zürich nílẹ̀ Switzerland. Lọ́dún 2018 wọ́n dé inú ife Champions League Áfíríkà, wọ́n yọ AS Real Bamako, wọ́n sì na MC Alger 2 sí 1 l'Ékòó. Àfi bí wọ́n ṣe dé Algiers tí àwọn yẹn fi ayò 6 sí òdo dá wọn padà sílé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2022, wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà. Wọn kò dá já. Kano Pillars tó ti gba líìgì ní ìgbà 4 bá wọn já, Katsina United bá wọn já, Heartland ti ìlú Owerri náà sì wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé nígbà tó ń jẹ́ Iwuanyanwu Nationale, ó gba líìgì ní ìgbà 5 láàárín 1987 sí 1993.

Kí ló ṣe MFM? Agbábọ́ọ̀lù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ́ni lọ, àwọn tó rọ́pò wọn kò tó wọn. Èyí tí ojú rí nìyẹn. Owó ni ojú kò rí. Owó tí ẹgbẹ́ kan ń gbà lórí ọmọ tó tà sí òkè òkun ni oúnjẹ ẹgbẹ́ kékeré, òun ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ajax ti Amsterdam ń jẹ ẹ́, Feyenoord ń jẹ ẹ́. Olólùfẹ́ MFM tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sínú ẹgbẹ́, bóyá ó di pápá ìgbáradì tàbí ó di owó oṣù, kò ní ojúlé tó lè kàn. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni kó owó jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn, àfi ìgbà tó rí i pé ó ti kú.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tí ẹ dúró ní Ifọ̀, orúkọ mìíràn ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún: Abiola Babes. Ẹgbẹ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni, Abẹ́òkúta ni ibùdó rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ díẹ̀ pẹ́, nítorí àwọn ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Mowe lónìí kò gbọ́ orúkọ náà rí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣe láàárín ọdún mẹ́rin kò wọ́pọ̀. Àṣekágbá ife Challenge Cup mẹ́rin tẹ̀léra ni wọ́n gbá. Ní 1984 Leventis United gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1985 wọ́n gbà á. Ní 1986 Leventis tún dí wọn lọ́nà. Ní 1987 wọ́n tún gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ Yorùbá méjì, ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti Abẹ́òkúta, ló pàdé láti du ife tó ga jù lọ fún gbogbo Nàìjíríà.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Rashidi Yekini wà láti 1984 títí di 1987, lẹ́yìn tó kúrò ní Shooting Stars. Láti Abẹ́òkúta ló ti lọ sí Africa Sports ní Abidjan, láti ibẹ̀ ló kọjá sí Portugal. Ọkùnrin tó gbá ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé, lórí Bulgaria lóṣù kẹfà ọdún 1994, tí kò sì tíì sí ẹni tó kọjá ayò 37 tó gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè yìí, ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú aṣọ ẹgbẹ́ kan tí kò sí mọ́ lónìí. Kó tó di pé Abíọ́lá du ipò ààrẹ lọ́dún 1993, Abiola Babes ti parẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Olóyè náà lẹ́yìn náà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ bẹ́ẹ̀: ọmọ Abíọ́lá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ Abẹ́òkúta.

Leventis kò pẹ́ jù wọ́n lọ. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ló ni ín. Ó gba Challenge Cup lẹ́ẹ̀mejì, ó gba líìgì ní 1986, ó dé àṣekágbá ife Cup Winners' Cup Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly tó ṣẹ́gun rẹ̀, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ilé-iṣẹ́ náà pa á tì. Julius Berger, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń la títì, gba líìgì ní 1991 àti 2000, òun náà ti lọ. Stationery Stores ti Èkó ló dùn mí jù nínú wọn. Israel Adebajo, olówó tó dá a sílẹ̀, kú lọ́dún 1969, ẹgbẹ́ náà sì tún gbìyànjú fún ogún ọdún ó lé lẹ́yìn ikú rẹ̀ nítorí pé àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Wọ́n gba líìgì ní 1992. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjà lórí ẹni tó ni ogún náà fi gbé ẹgbẹ́ wọ ilé ẹjọ́, tí kò sì padà bọ̀ sípò rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lè máa pariwo orúkọ ẹgbẹ́ kan ní pápá, síbẹ̀ lójú òfin, ohun ìní bàbá ẹnì kan ni, bí ilé, bí ilẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé bí ìjọba bá ni ẹgbẹ́, irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Shooting Stars. Ẹgbẹ́ ìjọba ni wọ́n láti ayé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ gan-an, Odegbami, Muda Lawal, Best Ogedegbe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn na Tonnerre Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ifọ̀ yọ ayọ̀ yẹn bíi ti ara wọn, nítorí pé ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti wà kó tó di oṣù kejì ọdún náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì ṣẹ́gun wọn nínú àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà. Gómìnà ológun ìgbà náà, Oladayo Popoola, tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà! Wọ́n padà tún un kó jọ, ó sì tún gba ife, ó gba CAF Cup àkọ́kọ́ ní 1992, ó gba líìgì ní 1995 àti 1998. Ó já ní 2017, ó padà gòkè ní 2021. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Abiola Babes ni pé gómìnà kan lọ, òmíràn á dé, ẹni tó dé lè tún ohun tí ẹni tó lọ bà jẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni. Agbábọ́ọ̀lù á dúró de owó oṣù títí gómìnà á fi buwọ́ lùwé, akọ́ni á sì mọ̀ pé ìdìbò tó ń bọ̀ lè lé òun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi Portsmouth wé èyí, nítorí àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Lọ́dún 2008, ayò kan ṣoṣo tí Kanu gbá wọlé ní Wembley ló gba ife FA fún wọn lọ́wọ́ Cardiff. Gbogbo Mowe ló yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn gbèsè ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yan alábòójútó lé lórí nítorí gbèsè nígbà tó ṣì wà ní líìgì àgbà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n já, wọ́n tún já, wọ́n tún já. Nígbà tó di 2013, líìgì kẹrin ni wọ́n kángun sí. Bó bá jẹ́ níbí ni, ìtàn ti parí nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kóra wọn jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe é dá 1,000 pọ́n-ùn, wọ́n ra ẹgbẹ́ náà lóṣù kẹrin ọdún 2013. Wọ́n gba líìgì kẹrin lọ́dún 2017. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dìbò láàárín ara wọn láti tà á fún ará Amẹ́ríkà kan, nítorí wọ́n rí i pé agbára wọn kò tó láti gbé e kọjá ibẹ̀. Wọ́n gba líìgì kẹta ní 2024. Portsmouth ṣubú ju MFM lọ, gbèsè rẹ̀ sì pọ̀ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówó sá, ìlú wà níbẹ̀ tó lè gbà á, òfin wà tó jẹ́ kí ìlú gbà á, ìwé sì wà tí ìlú lè kà kó mọ ohun tí òun ń gbà.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní bí kò bá sí Abíọ́lá, Abiola Babes kì bá ti wà rárá. Bí kò bá sí ìjọ, MFM kì bá ti wà. Ta ni nínú àwọn olólùfẹ́ Ibafo ló ní owó tó lè fi bọ́ agbábọ́ọ̀lù ọgbọ̀n? Òtítọ́ ni, n kò sì fẹ́ fọwọ́ kékeré mú un. Owó tẹlifíṣọ̀n tí Everton ń pín kò sí níbí. Owó ìwọlé ní pápá wa kéré. Olówó tó fi owó rẹ̀ sínú bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ yìí kò ní rí èrè níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ìyìn sì tọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rò pé òfin mílíọ̀nù 105 tàbí ìdá 85 wúlò fún wa lónìí. Ẹgbẹ́ tí kò rí owó wọlé, a kò lè ní kó má ná ju owó tó ń wọlé lọ. Ẹ̀bùn olówó ló ń jẹ. Ìbéèrè tó kàn wá ni bí ẹ̀bùn náà ṣe lè di ti ìlú nígbà tí olùfúnni bá ti ṣe tirẹ̀ tán.

Ìbéèrè yìí kò lè dúró mọ́, nítorí Remo Stars. Láti Mowe, ẹni tó bá gba Ṣágámù yóò dé Ìkẹ́nnẹ́ láìpẹ́, ibẹ̀ ni pápá wọn wà. Kunle Soname, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ìtàn wọn ń gòkè, ó ń sọ̀. Ní 2017, sáà tí MFM ṣe ipò kejì, Remo Stars já pẹ̀lú Shooting Stars. Wọ́n gòkè padà, wọ́n tún já ní 2019. Wọ́n gòkè ní 2021, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n sì dúró: ipò kẹta ní 2022, ipò kejì ní 2023, ipò kejì ní 2024. Ní 2025, lábẹ́ Daniel Ogunmodede, wọ́n gba líìgì nígbà tí ìdíje ṣì ku bíi mélòó kan. Láti ìgbà tí Julius Berger ti gbà á ní 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá tó tún gbà á ṣáájú wọn. Ẹ̀bùn mílíọ̀nù 200 náírà ni wọ́n gbà. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, Mamelodi Sundowns wá bá wọn gbá nínú ife Champions League, wọ́n sì fi ayò 5 sí 1 hàn wọ́n pé ọ̀nà ṣì jìn.

Ìlù Remo Stars wù mí gbọ́. Wọ́n kọ́ pápá tiwọn dípò kí wọ́n máa yá ti ìjọba lò, wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n sì fi sùúrù kọ́ ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìjákulẹ̀ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Sporting Lagos tí Shola Akinlade, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, gbé dìde ní 2022: ó gòkè ní 2023, ó já ní 2024, sáà kan péré. Síbẹ̀, èyí tó dúró àti èyí tó ń fì, irú kan náà ni wọ́n lójú òfin. Ẹnì kan ló ni wọ́n. Bí ọjà tẹ́tẹ́ bá yí padà lọ́la, bí ìjọba bá yí òfin rẹ̀ padà, ohun tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Owó tí àwọn ọ̀dọ́ Mowe ń san ní ìsọ̀ etí títì fún tíkẹ́ẹ̀tì Everton àti Forest wà lára ohun tó kọ́ pápá náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

CAF ní ìlànà ìwé-àṣẹ fún àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbá ife rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ìnáwó tí aṣírò owó yẹ̀ wò sì wà nínú ìlànà náà. Ọwọ́ àjọ ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń lọ, kì í dé ọwọ́ ẹni tó ń wọ jẹ́sì ẹgbẹ́. Kí àjọ NFF àti líìgì wa sọ pé ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbá líìgì àgbà gbọ́dọ̀ gbé e síta, kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Àwọn tó ń fi bírò ṣírò àmì Everton ní Ibafo á kà á. Kí wọ́n sì fi ohun kejì kún un, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: kí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpín tiwọn, bó ti wù kó kéré tó, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ká, kó gbé e kúrò ní ìlú, tàbí kó yí orúkọ rẹ̀ padà láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní olówó kankan kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, Soname ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ tó ń darí Feirense, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1918 ní ìlú Santa Maria da Feira ní Portugal. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gòkè sí líìgì àgbà ilẹ̀ náà. Ní 2019 wọ́n já. Òfin Portugal ló sọ pé ẹgbẹ́ ìlú tó bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ìpín yẹn sì fún wọn lágbára láti sọ pé rárá bí olówó bá fẹ́ tú u ká, bó bá fẹ́ gbé ibùjókòó rẹ̀ lọ, tàbí bó bá fẹ́ fọwọ́ kan àmì rẹ̀. Abẹ́ òfin yẹn ni Soname bọ́ sí nígbà tó lọ síbẹ̀, ó sì náwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.